Fèrèsé Tí Bàbá Oníná Kò Jẹ́ Kí A Bò

Ní yàrá tí àwọn òbí mi ń sùn, èèyàn lè fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn ti wọ̀, láìtan iná kankan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé mo ti ṣe é. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni iṣẹ́ mi. Kọ́tìnì ni mo ń rán, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ mí, Ìyá Kọ́tìnì ni tọmọdé tàgbà ń pè mí. Síbẹ̀ fèrèsé tó nílò kọ́tìnì jù lọ ní gbogbo àdúgbò náà wà ní ìhòòhò, ti bàbá mi sì ni. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Èmi ti so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ gbogbo ìdí tó wà ní àdúgbò tán, ilé wa nìkan ló kù.

Kì í ṣe pé n kò rán an o. Mo ra aṣọ dúdú tó nípọn, mo fi òmíràn tẹ́ ẹ nínú kí ìmọ́lẹ̀ má baà rí ihò gbà wọlé, mo gbé àkàsọ̀ wá, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ́ ọ. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Bàbá ti tú u sílẹ̀. Ó ká a dáadáa bí aṣọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ èèyàn, ó sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Aṣọ náà dára," ó ní. "Ó kàn ń dí mi lójú ni."

Màmá jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ojú náà ti pọ́n.

Wọn kì í pe bàbá mi náà lórúkọ rẹ̀. Bàbá Oníná ni wọ́n ń pè é, torí pé pápákọ̀ òfurufú ló ti lo ayé rẹ̀. Òun kọ́ ló ń wa bàálù, kò sì ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni àyàfi ọmọ iṣẹ́ kan. Iná ilẹ̀ ló ń tọ́jú: àwọn gílóòbù tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì tí bàálù ń bà lé, àti àwọn tó wà lórí òpó níwájú rẹ̀, tó ń júwe ilẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkè. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á dúró nídìí ibi tí wọ́n ti ń tan iná, ẹnì kejì á rin ẹ̀bá títì náà já. Ẹni tó dúró á béèrè pé, "Ṣé gbogbo rẹ̀ ń tàn?" Ẹni tó rìn á dáhùn pé, "Gbogbo rẹ̀ ń tàn," tàbí kó sọ èyí tó kú. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sinmi láìgbọ́ èsì yẹn. Lẹ́yìn náà wọ́n á máa ṣọ́ ọ, ẹni tó sì ń ṣọ́ iná kì í kẹ̀yìn sí i títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bàbá máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òfin Ọlọ́run ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ọ̀sán ni gbogbo bàbá ń sùn.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gbé iṣẹ́ náà wálé. Yàrá wọn kọjú sí pápákọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Bàbá á fa àga sídìí fèrèsé, á wo ìlà iná náà láti òkèèrè, á sì fóònù ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó ti di ọ̀gá níbẹ̀ báyìí. Jẹ́jẹ́ ni ìnagijẹ ọkùnrin náà, torí pé bí ilé bá ń jó, jẹ́jẹ́ ni yóò sọ fún ọ. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí.

"Jẹ́jẹ́, ọ̀kan ń ṣẹ́jú lápá ọ̀tún."

"A ti rí i, ọ̀gá. Ẹ ṣeun gan-an, a ó pààrọ̀ rẹ̀."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ ń tàn, ọ̀gá."

Ìgbà yẹn ni Bàbá tó ń gbé fóònù sílẹ̀. Màmá á ti bu omi mímu wá, á jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á sì béèrè ohun tó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́: "Ṣé gbogbo rẹ̀ ń tàn?" Bàbá á ní gbogbo rẹ̀ ń tàn. Wọ́n á wá máa tàkúrọ̀sọ títí oorun á fi gbé wọn. Bàbá a máa jí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti yọjú wo iná rẹ̀, kò sì dí Màmá lọ́wọ́, torí pé iná náà jìnnà nígbà yẹn. Ó kéré lójú fèrèsé bí ẹyín iná tó fẹ́ kú.

Pápákọ̀ wá fẹjú.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, wọ́n pè wá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni ìpàdé náà ti wáyé, arábìnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ sì gbé àwòrán ńláńlá kọ́ ara ògiri, ó ní bí ibẹ̀ ṣe máa rí nìyẹn tí wọ́n bá parí. Koríko tútù, igi tó tò ní ìlà, ilé onígíláàsì tó ń dán, àwọn èèyàn tó ń fa báàgì tí gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. A yìn ín. A pàtẹ́wọ́. Ìgbà tí wọ́n kọ́lé náà tán ni a tó rántí pé ọ̀sán gangan ni nínú gbogbo àwòrán yẹn. Kò sẹ́ni tó ya alẹ́, àwa náà kò sì béèrè. Bàbá mi tilẹ̀ dìde níbẹ̀, ó ní kí àwọn ará àdúgbò fọkàn balẹ̀, pé òun ti bá iná gbé láti ìgbà èwe òun, iná kì í bu èèyàn jẹ.

Wọ́n kó erùpẹ̀ jọ gègèrè sí ẹ̀yìn ilé wa, òkè tí à ń wò láti ilé ìdáná sì wọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, a kò rí i mọ́. Wọ́n ri àwọn òpó tó ga ju ilé ìjọsìn lọ, iná orí wọn funfun báláú. Títì tuntun tí bàálù ń bà lé sún mọ́ wa débi pé ìlà iná iwájú rẹ̀ wá parí sí ẹ̀yìnkùlé. Àwọn kan wà nínú wọn tó ń sáré tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n ń kọ yẹ̀rì bíi mànàmáná tí kò ní òjò. Ilé onígíláàsì ní tirẹ̀ ń gba oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó ń dá a padà sí wa lójú, tó fi jẹ́ pé oòrùn méjì ló ń wọ̀ ní àdúgbò wa. Nígbà tí méjèèjì bá sì wọ̀ tán, ilẹ̀ kì í ṣú. Kò sí ìràwọ̀ mọ́. Àkùkọ aládùúgbò kan kò mọ ìgbà mọ́, ó ń kọ nígbà tó bá wù ú, wọ́n pa á. Wọ́n kàn rí ẹni fìyà jẹ ni.

Àwọn oníbàárà ya bo ṣọ́ọ̀bù mi. Àwọn tó ti ń fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe fújà tẹ́lẹ̀ wá ń béèrè èyí tó nípọn jù lọ, èyí tó dúdú jù lọ, wọn kò tilẹ̀ wo ẹwà rẹ̀ mọ́. Àkókò náà tù mí lára, n kò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi ló jìyà rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń fi gèlè bojú sùn, ooru lé e jáde nínú rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ògiri náà funfun, ohun tó ń kọ yẹ̀rì lóde ń kọ yẹ̀rì lára rẹ̀. Mo ní kó lọ máa sùn ní pálọ̀. Pálọ̀ wọn kò gbà ju àga mẹ́ta lọ, ìbàdí rẹ̀ kò sì gba ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló fi dá mi lóhùn.

"Mo ti dá sùn tó," ó ní. "Gbogbo ìgbà tí bàbá rẹ fi ń ṣiṣẹ́, èmi nìkan ló ń wà lórí bẹ́ẹ̀dì yìí lálẹ́. N kò dá sùn mọ́."

Mo yíjú sí Bàbá. Mo ní, ó dáa, kí ló dé tí wọn kò lè fi kọ́tìnì náà kọ́, kí wọ́n kàn máa fà á dé tí wọ́n bá ti fóònù tán? Bàbá wò mí bí ẹni tí mo bú.

"Iná kì í dágbére kó tó kú," ó ní. "Ẹni tó ń ṣọ́ ọ kì í kẹ̀yìn sí i."

Lọ́jọ́ kan Màmá fẹ́ po tíì, ó da omi gbígbóná sí ẹ̀yìn ọwọ́ ara rẹ̀. Ife wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ náà, kò rí i. Nọ́ọ̀sì tó bá a di ọwọ́ náà béèrè ìgbà tó sùn dáadáa kẹ́yìn. Màmá rò ó títí, kò rántí. Nọ́ọ̀sì ní bí kò bá lọ sí ibi tó ṣókùnkùn kó sùn, lọ́jọ́ mìíràn kì í ṣe omi ló máa dà sílẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ṣubú.

Ilé mi ni mo gbé e lọ láti ibẹ̀. Inú bí mi sí bàbá mi, mo padà lọ bá a, mo sì sọ ọ́ fún un lójú. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ ìyàwó wọn, kí wọ́n bo fèrèsé. Bàbá ní kí n rọra máa wa ọkọ̀ o.

Ilé mi ṣókùnkùn bí inú ìkòkò, èmi kì í fi ọjà mi ṣeré. Màmá sun oorun àsùnwọra níbẹ̀, ojú rẹ̀ funfun padà, ó tún ń bú mi bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, kì í lè jókòó. Á dìde, á lọ sí ilé ìdáná, á bu omi sínú ife, á wá dúró pẹ̀lú rẹ̀ láàárín ilé bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe.

"Ta ló máa bu omi fún bàbá rẹ?"

"Bàbá ní ọwọ́ tiwọn, Màmá."

"Mo mọ̀ pé ó ní ọwọ́."

Bàbá ní tirẹ̀ kò bẹ̀ wá. Mo lọ yọjú sí i, mo bá a tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìrọ̀rí méjèèjì sì wà ní àyè wọn. Ó bi mí pé ṣé ọwọ́ ìyá mi ti ń jinná, mo ní ó ń jinná. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Kò bi mí ìgbà tí Màmá máa padà. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí. Mo rí i pé àwọn méjèèjì lè wà báyìí, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí a ó fi sin ọ̀kan nínú wọn, nítorí fèrèsé.

Ẹnì kan ṣoṣo ni mo gbà pé Bàbá lè gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu. Mo lọ bá Bùrọ̀dá Jẹ́jẹ́ níbi iṣẹ́ wọn.

Yàrá tútù kan ni wọ́n mú mi lọ. Mo ṣáà ń wo ògiri, nítorí iṣẹ́ tí mo ń ṣe, kò sì pẹ́ tí mo fi mọ ohun tí mo ń wá: yàrá náà kò ní fèrèsé kankan. Àwọn tó ń tan gbogbo iná yìí sí wa lójú kì í rí i níbi tí wọ́n jókòó sí. Tẹlifíṣọ̀n fífẹ̀ kan ló wà lára ògiri, àmì kéékèèké aláwọ̀ ewé tò sórí rẹ̀ ní ìlàìlà.

"Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ẹ bá mi sọ fún Bàbá kí wọ́n sinmi. Ẹ ní ẹ ti rí ẹlòmíràn tó máa máa wo iná náà. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n máa gbà."

Ó na ìka sí tẹlifíṣọ̀n náà. "Àmì kọ̀ọ̀kan tí ẹ ń wò yẹn, iná kan ni. Èyí tó bá kú á di pupa, á sì pariwo. A kì í retí kí ẹnikẹ́ni fóònù wa."

"Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ pápákọ̀ yìí?"

"Rárá o. Ó ti wà kí ọ̀gá tó fẹ̀yìn tì."

Mo jókòó láìní kí wọ́n fún mi ní àga. Mo rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ yẹn, gbogbo "a ti rí i, ọ̀gá." Mo ní, "Kí ló wá dé tí ẹ ń gbé fóònù náà?"

Bùrọ̀dá Jẹ́jẹ́ wo bàtà ara rẹ̀. "Ìyá yín ni. Wọ́n wá bá mi nílé nígbà tí ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí fún wọn, wọ́n ní àwọn kò bá ti ẹ̀rọ wá. Wọ́n ní kí n ṣáà máa dáhùn. Àbúrò mi, wọ́n kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó tó ìyá mi. Kí ni mo fẹ́ wí?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Màmá wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi nígbà tí mo dé, ó ń bá mi ká etí aṣọ pẹ̀lú ọwọ́ tí kò jóná. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ mọ̀," mo ní. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti mọ̀ pé kò sẹ́ni tó nílò fóònù yẹn."

Kò gbójú sókè. "Jẹ́jẹ́ kò mọ ẹnu rẹ̀ ṣọ́."

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kì í sùn! Ẹ lè la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ sì sùn."

"Ìwọ ti wà nílé ọkọ, o kò rí bàbá rẹ nígbà náà." Ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á wọ bàtà iṣẹ́, á dúró ní àgbàlá, ọwọ́ rẹ̀ á máa wá ohun tó máa dì mú. Kì í jẹun. Ó ń rù lójú mi. Mo ní ọdún yẹn ni màá sin ín. Èmi ni mo sọ fún un pé bó bá rí iná tó kú, kó máa pe Jẹ́jẹ́. Kó tó pè é, mo ti lọ bá Jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ dá a lóhùn, ó jẹun tán, ó tún ní kí n bù sí i."

"Ìgbà yẹn nìyẹn. Nísinsìnyí ẹ̀yin ni iná náà ń pa."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. O fẹ́ kí n torí oorun sọ fún ọkọ mi pé kò wúlò mọ́? Ìwọ náà kò gbọdọ̀ sọ fún un. Ṣé o gbọ́ mi?" Ó fi eyín já òwú. "Lọ́la ni mò ń padà sílé mi. Ọwọ́ mi ti jinná."

Ọwọ́ náà kò tíì jinná. N kò bá a jiyàn. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, mo sì lọ bá bàbá mi.

Mo bá a lórí àga rẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe Jẹ́jẹ́ ni. Ó sọ iná tó rò pé ó ti ń rẹ̀yìn, Jẹ́jẹ́ ní wọ́n ti rí i, ó dúpẹ́, ó ní gbogbo rẹ̀ ń tàn. Jẹ́jẹ́ tí mo fi sílẹ̀ lọ́sàn-án yìí nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Bàbá gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ẹ̀yìn bí ẹni tó ń retí pé kí ẹnì kan gbé omi fún òun, ó wá rántí. Ibẹ̀ ni sùúrù mi ti tán. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà, mo sì jù ú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, wọn kò nílò yín. Ẹ̀rọ ló ń sọ fún wọn. Iná tó bá kú ń pariwo fún wọn fúnra rẹ̀, ó sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó fẹ̀yìn tì."

Kò yíjú. Iná tó ń kọ yẹ̀rì ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ta lo rò pé ó so wáyà rẹ̀?" ó ní.

"Wáyà kí ni?"

"Ti ẹ̀rọ yẹn. Èmi ni. Iṣẹ́ tí mo ṣe kẹ́yìn níbẹ̀ nìyẹn. Mo fi ọwọ́ mi tú gílóòbù kan láti dán an wò, ó pariwo. Mo ní ó dáa, Bàbá Oníná, o lè máa lọ sílé."

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ mọ̀, ẹ wá ń fóònù?"

"Ìyá rẹ ló ní kí n máa fóònù. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ kankan wà. Mo ní kí n ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ dáhùn dáadáa, mo mọ̀ pé ó kàn ń bọ̀wọ̀ fún mi ni. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yíjú báyìí, ìyá rẹ ti gbé omi wá. Ó jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn. Ó ní, 'Ṣé gbogbo rẹ̀ ń tàn?' Wò ó, láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, kò bi mí léèrè iṣẹ́ mi rí. Ìgbà wo ni yóò bi mí? Mo ń jáde, ó ń sùn. Mo rí i pé inú rẹ̀ dùn, pé ó gbà pé wọ́n ṣì nílò ọkọ òun. Mo wá fẹ́ bo fèrèsé? Ọjọ́ tí mo bá bò ó ni mo sọ fún un pé wọn kò nílò mi mọ́."

"Bàbá," mo ní, "Màmá mọ̀."

"Mọ kí ni?"

"Wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà. Àwọn ló bẹ Jẹ́jẹ́ kó máa dá yín lóhùn. Orí ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀ ẹ́."

Ìgbà yìí ló yíjú sí mi. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pẹ́, kò sì ní ariwo. Nígbà tó parí, ó fi etí aṣọ nu ojú.

"Fún Jẹ́jẹ́?" ó ní. "Pẹ̀lú ìbàdí yẹn?"

Mo wo fèrèsé ìhòòhò náà. Jẹ́jẹ́ tó ń gbé fóònù kò gbà pé ẹnikẹ́ni nílò ìṣọ́ yẹn, Màmá tó ń bu omi kò gbà bẹ́ẹ̀, Bàbá tó ń fóònù gan-an kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwa mélòó ló ti sunkún nítorí rẹ̀! Inú bí mi sí àwọn méjèèjì, mo sì fẹ́ràn wọn síbẹ̀.

Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa kọ́tìnì náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Gbé àkàsọ̀ wá," ó ní. "Má sì sọ fún un pé mo ti gbọ́."

"Ẹnu mi ti ṣe tirẹ̀ tán lónìí, Bàbá."

Kò jẹ́ kí n gun àkàsọ̀ náà. Ó ní òun ti gun ohun tó ju ìyẹn lọ. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ gun òpó iná, ó sì kọ́ kọ́tìnì náà dáadáa ju bí mo ṣe kọ́ ọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé Màmá padà sílé. Ìrọ̀lẹ́ ni a débẹ̀. Oòrùn méjèèjì ti wọ̀, òpó gíga ti tan iná wọn, ojú ọ̀nà sì mọ́lẹ̀ débi pé a rí òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ bàtà wa. Màmá kọ́kọ́ lọ sí ilé ìdáná kí ó tó ṣe ohunkóhun. Mo gbọ́ tó ń bu omi. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá, ó dúró.

Yàrá náà ṣókùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ pálọ̀ tó gba ẹ̀yìn wa wọlé nìkan ni a fi ń ríran. Bàbá wà lórí àga rẹ̀ nídìí fèrèsé, ó kọjú sí aṣọ dúdú náà, kò sì sí ohun kan níwájú rẹ̀ tí ó lè rí. Fóònù rẹ̀ wà lórí tábìlì lápá ọ̀hún, ó dojú dé. Kò nawọ́ sí i.

Màmá wo aṣọ náà. Ó wo fóònù. Ó yíjú wò mí, mo sì wo ilẹ̀, torí pé n kò mọ irọ́ pa fún un láti kékeré. Mo rò pé yóò sọ̀rọ̀. Ó wọlé lọ, ó fi ọwọ́ tí wọ́n di wá etí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó, ó sì gbé omi fún ọkọ rẹ̀.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ń tàn?" ó ní.

"Gbogbo rẹ̀ ń tàn."

Kò bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó gba ife padà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí n bá àwọn ti ilẹ̀kùn. Mo tì í. Mo ṣì dúró díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ń gbọ́ ohùn wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ búrẹ́dì gbígbẹ.